Erùpẹ̀ Òkè Iná Tí Mo Sá Sóòrùn

Kùrukùru bo gbogbo Abu Shagara, àdúgbò wa ní Sharjah, láàárọ̀ ọjọ́ náà débi pé mi ò rí ilé tó kọjú sí tiwa. Àwọn mọ́tò àlòkù tí wọ́n tò síta fún títà nísàlẹ̀ ilé nìkan ni mo ń rí, òkè orí wọn rin gbindin bíi pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi lé wọn. Omi ń kán lára irin bákónì, gíláàsì fèrèsé ń làágùn. Ẹni tí kò bá mọ ìlú yìí á rò pé òjò rọ̀ mọ́jú, bẹ́ẹ̀ kò sí òjò kankan. Bí oṣù òtútù wọn ṣe máa ń rí nìyẹn. Òwúrọ̀ á rin, á tutù. Tó bá fi máa tó aago mẹ́wàá, oòrùn á ti yọ, á máa wo èèyàn lójú bíi pé òun kọ́ ló sá pamọ́.

Kùrukùru yẹn ló lé ọmọ ọmọ mi jáde ní kùtù. Ó ní bọ́ọ̀sì tó ń kọjá sí Dubai á máa wọ́ bí ìgbín, bẹ́ẹ̀ òun ní ìdánwò ní yunifásítì wọn ní Silicon Oasis. Ó mu tíì lórí ìdúró, kò fẹnu kan búrẹ́dì tí mo yan fún un. Ó ní, "Màmá, mo ń lọ o," ó sì ti wà nínú lífítì kí n tó dá a lóhùn.

Ìgbà tó lọ tán ni mo ṣí fíríìjì láti mú ẹja jáde, mo wá rí i pé iná inú rẹ̀ ò tàn. Mo fọwọ́ kan ẹja, ó ti rọ̀. Mo fọwọ́ kan ata tí mo lọ̀ sílẹ̀, kò tutù mọ́. Mo wá wo ìsàlẹ̀, níbi tí erùpẹ̀ wà, ni mo bá fa àga, mo jókòó kí n lè ronú.

Ẹ má rò pé mo ṣìsọ. Erùpẹ̀ ni mo wí.

Ilé ọmọ mi obìnrin ni à ń gbé. Ó máa ń ra tùràrí àti èlò ìdáná ní páálí-páálí lọ́jà Al Ras ní Dubai, á kó wọn ránṣẹ́ sí Èkó. Lọ́sẹ̀ yẹn ó ti bá ẹrù rẹ̀ lọ sílé, ó ku èmi àti ọmọ rẹ̀ nínú yàrá méjì. Wọ́n ní kí n wá sinmi ní Sharjah. Ìsinmi náà ni pé ìdajì fíríìjì jẹ́ oúnjẹ, ìdajì rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀.

Ọ̀rá mẹ́fà ni. Inú kòtò kan ṣoṣo ni ọmọ náà ti bù wọ́n: méjì láti òkè, níbi tí ilẹ̀ ti dúdú, méjì láti àárín, níbi tó ti pọ́n díẹ̀, méjì láti ìsàlẹ̀, níbi tó ku díẹ̀ kó kan òkúta. Ẹ̀gbẹ́ Jos ló ti gbé e wá nígbà tó lọ lo ìsinmi nílé. Ilé ẹ̀kọ́ wọn ló gba ìwé àṣẹ tó fi lè gbé e wọ ibí. Nígbà tó gbé e dé, mo bi í pé ṣé kò sí ilẹ̀ nílẹ̀ àwọn Lárúbáwá ni. Ó ní kò sí irú èyí. Mo ní mo mọ̀ pé kò sí irú èyí, ṣebí èmi ni mo sọ fún un.

Ẹnu mi ló kó bá mi. Ọkọ mi ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Jos nígbà tá a ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, a sì pẹ́ níbẹ̀ débi pé èdè Hausa ni mo fi ń lá àlá. A gba oko díẹ̀ lẹ́yìn ìlú, à ń gbin pòtétò. Àwọn òkè kéékèèké kan wà lápá ibẹ̀ tí orí wọn jìn wọnú bí ẹnu ìkòkò. Àwọn àgbà ibẹ̀ ní iná ló ti ibẹ̀ bú jáde láyé àwọn tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, pé eérú iná náà ló bo orí òkúta dúdú tó wà lábẹ́ gbogbo àdúgbò. Èmi ò bá wọn jiyàn, torí ilẹ̀ náà ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó fúyẹ́. Ẹ bu agbọ̀n kan kún, ẹ gbé e rù, ẹ ó bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ti bù nínú rẹ̀. Lẹ́yìn òjò, tẹ́ ẹ bá fún un mọ́wọ́, tẹ́ ẹ fi àtàǹpàkò rà á, á kọ́kọ́ le, lójijì á yọ̀ bí ọṣẹ, omi á sì yọ lára rẹ̀. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí oko àwọn tó wà lórí ilẹ̀ mìíràn bá ti sán, tẹ́ ẹ bá tọ tiwa ní ìwọ̀n ìka kan, tútù lẹ ó bá. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ ajílẹ̀. Gbogbo ajílẹ̀ tá a bá dà sí i ló máa ń gbé mì, pòtétò ò ní í rí i jẹ. Ọkọ mi máa ń sọ pé ilẹ̀ yẹn dà bí baálé tó háwọ́: ohun tí wọ́n bá gbé wọlé, abẹ́ ibùsùn ló ń kó o sí, ebi ń pa àwọn ọmọ. Tẹ́ ẹ bá wá gbẹ́ ẹ jìn, ẹ ó kan òkúta dúdú náà, tó ti ń jẹrà, tó ń ṣí ní ìpele-ìpele bí àlùbọ́sà. Orí rẹ̀ la máa ń jókòó sí tá a bá ń jẹun ọ̀sán.

Ìtàn yìí ni mo máa ń sọ fún ọmọ ọmọ mi láti kékeré tá a bá ń bó pòtétò. Mi ò mọ̀ pé ó ń fetí sí i. Ọjọ́ tó sọ pé ilẹ̀ yẹn lòun máa fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá ẹ̀kọ́ òun, inú mi dùn. Ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí bínú.

Mo rò pé á kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilẹ̀ náà fúyẹ́, ó ń di omi mú, ó ń gbé ajílẹ̀ mì, ó parí. Kò parí. Wọ́n ní àfi kí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń gbọ́ orúkọ ilẹ̀ nínú ilé yẹn, láti ìdí tíì títí dé ìdí abọ́ fífọ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà ní orúkọ tiwọn, àwọn ọ̀mọ̀wé ayé tó kù ní tiwọn, wọn ò sì fẹnu kò lórí bó ṣe yẹ kó nípọn tó kó tó jẹ́ orúkọ náà. Mo bi í pé tí wọ́n bá wá pè é tán, ṣé ilẹ̀ náà ń dá wọn lóhùn. Kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kan ló wá fara balẹ̀ ṣàlàyé, mo sì gbà pé àlàyé náà dáa. Ó ní wọn kì í dédé sọ ilẹ̀ lórúkọ. Ìbéèrè ni wọ́n ń bi í, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan. Ibi tó bá ti kọ́kọ́ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ wà, wọn ò tún bi í ní òmíràn mọ́. Mo ní èyí ò ṣàjèjì, orúkọ àmútọ̀runwá ni. Ọmọ tó bá fẹsẹ̀ jáde, Ìgè ni, ẹnikẹ́ni ò ní wo imú rẹ̀ kó tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ jáde nínú ìbejì ni, kódà kó fẹsẹ̀ jáde, nílé tiwa Táíwò la ó pè é, torí ìbéèrè ìbejì ló ṣáájú. Ó dìde, ó gbá mi mọ́ra, ó ní olùkọ́ òun ò tíì ṣàlàyé ẹ̀ kó yé òun tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́, orí mi wú.

Ìbéèrè tó wá kù fún ilẹ̀ wa ò ju ọ̀kan lọ. Ṣé ọmọ eérú òkè iná ni ní tòótọ́, àbí ọmọ òkúta dúdú tí eérú kàn bà lé lára? Ohun tí wọ́n máa fi mọ̀ ọ́n ni bí ilẹ̀ náà ṣe ń di omi mú. Ẹ̀rọ kan wà nílé ẹ̀kọ́ wọn tó ń fún omi kúrò lára ilẹ̀, tí wọ́n á sì wo èyí tó kù tí kò gbà kó jáde. Àwọn mìíràn ń lo ẹ̀rọ náà, kò tíì kàn án. Ìdí tí erùpẹ̀ fi ń gbé inú fíríìjì nìyẹn. Tí kò bá sì rí iṣẹ́ náà fi lélẹ̀ kí oṣù tó parí, á di sáà tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ físà akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ á ti tán kí sáà náà tó wọlé, á sì di pé kó máa lọ sílé láìgba ìwé ẹ̀rí. Ojoojúmọ́ ló ń sọ èyí fún mi. Ohun tí kò sọ fún mi ni pé erùpẹ̀ náà ò gbọ́dọ̀ gbẹ. Ó ní òun sọ ọ́. Ó kọ ọ́ sára ọ̀rá ni, lédè Òyìnbó. Mo lè ka Yorùbá tẹ́ ẹ bá ní sùúrù fún mi. Ní ti Òyìnbó, nọ́ńbà nìkan ni mo mọ̀ níbẹ̀.

Ó ku ohun kan tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Lọ́jọ́ tó ń di erùpẹ̀ náà sínú ọ̀rá, ẹ̀kúnwọ́ mélòó kan ṣẹ́ kù lára ti òkè, ó fẹ́ dà á nù. Mo gbà á. Mo bù ú sínú ike lábán, wàrà kíkan tí wọ́n ń mu níbí, tó ti tán, mo lu ihò sídìí rẹ̀, mo fi èfìnrín sí i, irúgbìn tí mo dì sétí aṣọ láti ilé. Ojú fèrèsé ìdáná ni mo gbé e sí. Ó pẹ́ kó tó hù, débi pé mo ti fẹ́ sọ̀rètí nù, kó tó di pé ó yọjú. Nígbà tí mò ń sọ yìí, ó ti ga tó àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sì ń ta sánsán tí oòrùn bá kàn án. Nínú gbogbo ohun tó wà nílé yẹn, òun nìkan ni kì í bá mi sọ̀rọ̀ orúkọ ilẹ̀.

Ó dáa. Fíríìjì ti kú. Mo pe ọmọ náà lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kò gbé e, ìdánwò ni. Mo pe ìyá rẹ̀ ní Èkó, ó ní kí n pe ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe. Mo pe onítọ̀hún, ó ní ọ̀la, inshallah. Mo din ẹja, mo din ata. Ó wá ku erùpẹ̀. Ọ̀rá náà ti ń làágùn nínú, mo sì rí ohun funfun kan létí ọ̀kan tó jọ pé ó ti fẹ́ máa bu. Ohun tútù tí kò ní fíríìjì, kí lẹ ń fi í ṣe? Ẹ̀ ń sá a ni. Ata, ilá, iṣu, ẹja, gbogbo ohun tá ò fẹ́ kó bàjẹ́ la máa ń sá.

Mi ò sì fi àìmọ̀kan ṣe é. Ní oṣù tó ṣáájú, ọmọ yìí kan náà bu yanrìn wá láti aṣálẹ̀, ó ní kí n bá òun tẹ́ ẹ sórí ìwé ìpolówó ọjà ní bákónì. Òun ló kọ́ mi. Ó ní nílé ìwádìí ilẹ̀ níbi gbogbo, ohun àkọ́kọ́ nìyẹn: sá a, fọ́ ọ, kù ú. Ó tiẹ̀ yìn mí pé ọwọ́ mi mọ́ ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun lọ.

Nígbà tí kùrukùru lọ tán, tí oòrùn mú, mo tẹ́ ìwé. Mo da erùpẹ̀ náà sílẹ̀ ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo fi ọ̀rá kọ̀ọ̀kan sábẹ́ etí ìwé tirẹ̀ kí ti òkè má bàa di ti àárín. Mo fi ìka tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ti òkè yẹn yọ̀ lọ́wọ́ mi bó ṣe máa ń yọ̀ nígbà náà lọ́hùn-ún, mo sì dúró díẹ̀, mò ń rà á láàárín ìka, mo rántí ọkọ mi. Lẹ́yìn náà mo padà sẹ́nu iṣẹ́.

Lọ́sàn-án afẹ́fẹ́ dé. Ẹni tó ń ṣọ́ ilé wa, ọmọ Pakistan kan tó máa ń bá mi gbé omi, kan ilẹ̀kùn. Ó ní eruku ń bọ́ láti bákónì wa sórí mọ́tò funfun kan nísàlẹ̀, pé oní mọ́tò ń jà. Ó na ìka sí bákónì. "Mama, khalas," ló wí, pé ó tó gẹ́ẹ́, ó wí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ní kó fún mi ní wákàtí kan. Mo di ẹja díndín méjì sínú bébà fún un. Ó wo ẹja, ó wo bákónì, ó ní wákàtí méjì.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti gbẹ táútáú. Mo fọ́ ọ, mo fi asẹ́ kù ú, mo dá ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sínú ọ̀rá rẹ̀. Kò ṣe mí bí ẹni tó rẹ̀. Ó ń ṣe mí bí ẹni tó ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ọmọ náà dé lẹ́yìn aago márùn-ún. Mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, mo ròyìn fíríìjì fún un. Kò tíì jókòó tó fi bi mí pé erùpẹ̀ òun dà. Mo nawọ́ sórí tábìlì. Ó gbé ọ̀rá kan, ó gbọ̀n ọ́n, ó gbọ́ bó ṣe ń dún. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí.

"Màmá, ta ló ní kẹ́ ẹ sá a?"

"Ìwọ ni," mo wí. "Lóṣù tó kọjá."

"Ìyẹn yanrìn ni."

"Èyí ńkọ́? Ìrẹsì ni?"

Ó sọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, èyí tí mi ò ní tún gbogbo rẹ̀ sọ. Pé mo ti ba ti òun jẹ́. Pé òun kọ ọ́ gàdàgbà sára ọ̀rá. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ kí ìyá àgbà mọ nǹkan, ẹnu ló fi ń sọ ọ́, kì í ṣe bírò. Mo ní lẹ́ẹ̀mẹ́rin ni mo pè é. Ó wá sọ èyí tó wọ̀ mí lára: "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ẹ mọ ilẹ̀ náà ju ẹnikẹ́ni lọ."

Mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo fi ṣe oko lórí rẹ̀, mi ò rí i kó gbẹ rí. Abẹ́ ewéko àti òjò ló máa ń wà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ohun tí gbígbẹ máa ṣe fún un?

Ó mú ṣíbí, ó bu omi, ó dà á sórí èyí tó wá láti òkè. Omi náà dúró sójú rẹ̀ bí omi orí ewé kókò, ó ń yí kiri, kò wọlé. Mo fi ìka tì í. Ìka mi tutù, erùpẹ̀ ò tutù. Ọmọ náà ní eérú òkè iná, bó ti ń pẹ́, ló ń di ohun kan tó kúnná bí ògì, tó ń fa omi mọ́ra. Tí oòrùn bá ti fa omi náà jáde, á sún kì, á lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, kì í sì í ṣí mọ́. Gàrí ń mu omi. Pańla tó le bí igi, ẹ rẹ ẹ́ sómi gbígbóná, á rọ̀. Mo ti rò pé gbogbo ohun gbígbẹ ló máa ń gbàgbé pé òun gbẹ rí. Ilẹ̀ yìí kì í gbàgbé.

Ó pẹ́ nílẹ̀ kó tó dìde. Ìgbà tó dìde, abọ́ tí mo fi ń ṣan ẹ̀wà ló lọ mú, ó bu omi sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí da erùpẹ̀ àárín sínú rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pò ó. Mo bi í pé kí nìyẹn. Ó ní tó bá wà nínú omi fún ọjọ́ mélòó kan á rin, òun á dì í padà, òun á gbé e lọ, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀.

"Ṣé á rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀?"

"Rárá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn á ṣáà fún mi ní nọ́ńbà kan."

"Nọ́ńbà wo?"

"Màmá, nọ́ńbà kan ṣáà ni. Ẹ kàn má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà sú mi pátápátá. Mo ti fara da ilẹ̀ nínú fíríìjì. Mo ti fara da oṣù méjì orúkọ. Mo ti fara da kí ọmọ tí mo pọ̀n lẹ́yìn jókòó sílẹ̀ kó máa bú mi lọ́nà àrékérekè. Ṣùgbọ́n pé kí wọ́n wá sọ ilẹ̀ tí mo fi ọwọ́ mi ro lórúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, kí wọ́n sì fi mí ṣe ẹlẹ́rìí, mo ní rárá. Mi ò pariwo. Mo gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e sórí tábìlì.

Mo ní, "Rẹ èlùbọ́ sómi títí di ọdún tó ń bọ̀, kò ní padà di iṣu tá a lè gún níyán. Pe olùkọ́ rẹ. Sọ fún un pé ìyá rẹ àgbà sá a. Èmi ni mo sá a, kì í ṣe ìwọ, ẹ̀rù wo ló ń bà ọ́?"

Ó sunkún díẹ̀, ó bọ́jú, ó pè é.

Olùkọ́ náà, obìnrin ará Íńdíà kan, ò pariwo rárá. Ọmọ náà fi ohùn rẹ̀ síta kí n lè gbọ́, ó sì ń túmọ̀ èyí tí kò yé mi. Obìnrin náà ní erùpẹ̀ gbígbẹ ò bàjẹ́. Nínú àtẹ tí wọ́n ń kọ èsì iṣẹ́ náà sí, ìlà kan wà fún ilẹ̀ tí wọ́n ti sá, ìlà kan wà fún èyí tí kò gbẹ rí, àtìgbà láéláé ni wọ́n sì ń fẹ́ méjèèjì. Ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín wọn ni ẹ̀rí tó lágbára jù pé ọmọ eérú ni ilẹ̀ kan. Ó ní òun gan-an ló yẹ kóun ti sọ fún ọmọ náà pé kó sá ìdajì, òun sì gbàgbé. Mo gbọ́ ìyẹn dáadáa. Gbogbo ìjà tá a ti ń jà láti aago márùn-ún, ìdajì rẹ̀ kò nídìí.

Obìnrin náà wá bèèrè pé ṣé ó kù díẹ̀ tí kò gbẹ rí, ì báà jẹ́ ife kan, láti ìpele èyíkéyìí. Ó ní tí kò bá sí, kò sí ohun tí wọ́n lè fi wéra, ọmọ náà á ní láti padà lọ gbẹ́ òmíràn, ìyẹn sì di sáà tó ń bọ̀.

Ọmọ náà ní kò sí. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ débi pé ó ní láti tún un sọ.

Ìdáná ni mo wà nígbà yẹn, mò ń fọ asẹ́ tí mo fi kù ú. Mo gbójú sókè, mo rí ike lábán lójú fèrèsé. Mo ti bomi rin ín láàárọ̀. Erùpẹ̀ inú rẹ̀ dúdú, ó ń dán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mi ò sọ nǹkan kan. Mo gbọ́ ìbéèrè náà, mo mọ èsì rẹ̀, mo sì ń fọ asẹ́ lọ. Inú ṣì ń bí mi. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ẹ mọ ilẹ̀ náà" ṣì ń dún létí mi. Mo sì wo èfìnrín náà, mo ro bó ṣe pẹ́ kó tó hù, mo ní nínú ara mi pé wọ́n ti fi ilẹ̀ gba fíríìjì lọ́wọ́ mi, wọ́n tún fẹ́ wá gba ojú fèrèsé. Ọmọ náà wọ yàrá lọ. Kò jẹ ẹja. Mo bo ẹja náà, mo lọ dùbúlẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kùrukùru ò sí, oòrùn ti wà lójú fèrèsé nígbà tí mo dé ìdáná. Mo gbé ike lábán sílẹ̀. Mo fa èfìnrín náà tu, ìdí márààrún, mo gbọn gbòǹgbò wọn dáadáa kí erùpẹ̀ kankan má bàa ṣòfò. Mo da erùpẹ̀ náà sínú ọ̀rá tuntun méjì, ọ̀kan nínú ìkejì, mo fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, mo ta á ní kókó, mo fi àkísà tútù wé e. Mo lọ jí ọmọ náà. Mo ní èyí ni ti òkè, kò gbẹ rí láti Jos títí di òní. Mo ní kó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé mo gbin nǹkan sí i, àti pé omi ìṣanrẹsì ni mo fi ń rin ín, ẹ̀ẹ̀kan sì ni omi ẹja. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wò mí, kò mọ̀ bóyá kó rẹ́rìn-ín ni. Ó tẹ olùkọ́ rẹ̀ láago. Obìnrin náà ní kó kọ gbogbo rẹ̀, títí kan omi ẹja, kó sì tètè máa gbé e bọ̀; ní ti àárín àti ìsàlẹ̀, kó kọ ọ́ pé a ò mọ̀, torí a ò mọ̀.

Nígbà tó ń wẹ̀, mo rẹ́ èfìnrín náà wẹ́wẹ́, mo fọ́ ẹyin mẹ́ta lé e lórí, mo fi ata díndín tó kù sí i. Mo jókòó tì í títí tó fi jẹ ẹ́ tán. Èmi náà jẹ tèmi. Ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe ò tíì dé, kò sì síbi tá a fẹ́ fi èyíkéyìí pamọ́ sí.